Wàláà Tó Mọ Ọ̀nà Detroit

Àtìní, 13 Jánúárì 2025

Òtútù òní kò lójú àánú. Mo dúró de bọ́ọ̀sì ní Kipling títí ìka ẹsẹ̀ mi fi kú tán, àmọ́ mo ṣáà dé ọ́fíìsì Lọ́yà Bíọ́lá. Ọmọ Yorùbá ni, Kánádà níbí ni wọ́n bí i sí. Ó ń gbọ́ gbogbo ohun tí mo bá sọ, Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń dá mi lóhùn, ó sì ń pè mí ní Auntie, èmi tí n kò tíì pé ogójì ọdún.

Àwọn ará Detroit ti ṣe tiwọn. Wọ́n ti kọ̀wé pé èmi ni àwọn fẹ́ kó wá kọ ẹsẹ Alùkùrání sára ògiri gbọ̀ngàn tuntun tí wọ́n ń kọ́ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé wọn. Iṣẹ́ ọdún méjì ni, iṣẹ́ gègé ìkọ̀wé àti tàdáà dúdú, kì í ṣe bí èyí tí mò ń ṣe ní Woodbridge, kí n máa lẹ nọ́ńbà mọ́ ilẹ̀kùn tírélà. Ohun tó kù ni kí ìjọba Amẹ́ríkà gbà pé iṣẹ́ ọwọ́ mi tayọ ti ẹgbẹ́ mi. Ìwé tó jẹ́ kí n máa ṣiṣẹ́ níbí yóò parí ní ìparí oṣù Méè. Bí Amẹ́ríkà bá kọ̀, Ìwó ni mò ń padà sí. Ìwó kò burú, ilé baba mi ni, ṣùgbọ́n ògiri yẹn wù mí gan-an, n kò lè purọ́ fún ìwé ara mi.

Bíọ́lá ní, “Auntie, all I have is one wall.” Ògiri ẹ̀gbẹ́ àwọn obìnrin ní mọ́ṣáláṣí wa ní Rexdale ló ń sọ, èyí tí àwọn ará Detroit rí tí wọ́n fi wá mi kàn. “One wall is not a career. Where's the rest?”

Mo ní wọ́n ti fọ ìyókù.

“Washed? How?”

“Omi ni wọ́n fi fọ̀ ọ́.” Mo ṣàlàyé fún un. Láti ìgbà tí mo ti mọ gègé í mú ni mo ti ń kọ wàláà fún àwọn ọmọ ilé kéú baba mi. Bí ọmọ bá ti mọ ohun tó wà lórí pátákó rẹ̀ lórí, wọ́n á fọ̀ ọ́, màá tún kọ òmíràn. Àwọn ìyá mìíràn á gba omi tí wọ́n fi fọ̀ ọ́, wọ́n á fún ọmọ mu kí ọpọlọ rẹ̀ lè jí pépé.

“They drank the evidence?”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀, ó ń wò mí.

Àlàmísì, 16 Jánúárì

Mo sọ ọ̀rọ̀ omi wàláà fún Àǹtí Kàfáyàtù. Àbúrò ìyá mi ni, ilé rẹ̀ ni mò ń gbé, síbẹ̀ kò ṣàánú mi. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di fìríìjì mú. Ó ní kí n lọ kó ikùn gbogbo ará Ìwó wá fún wọn kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò.

Àlàrùbá, 22 Jánúárì

Bíọ́lá tún pè. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá mo tilẹ̀ kọ orúkọ mi sí ìdí ògiri mọ́ṣáláṣí.

Mo ní, “Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ni mo kọ, kí n wá kọ Hameedah sábẹ́ rẹ̀ bí ẹni tó kọ nọ́ńbà fóònù sára kíóṣì?”

Ó rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà kò pẹ́. Ó ní nígbà tí kò sí orúkọ, tí iṣẹ́ sì ti bá omi lọ, àfi kí àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí dáadáa wá sọ ohun tí wọ́n mọ̀ nípa mi. Ta ló mọ̀ ọ́n jù? N kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Àáfáà Àbdùlgàfár ní Ìlọrin ni. Òun ló kọ́ baba mi, òun náà ló tún ọwọ́ mi ṣe nígbà tí baba mi ní agbára òun kò gbé e mọ́. Láti Ìlọrin dé Kánò ni wọ́n ti mọ ọwọ́ rẹ̀. Bí òun bá ti sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ ti bùṣe.

Mo pe Àáfáà. Wọ́n ní, “Ẹ̀rí nípa rẹ? Ìyẹn ò le. Màá kọ ọ́ lẹ́yìn ìrun.”

Ọkàn mi balẹ̀. Nígbà tí mò ń padà bọ̀ mo yà ra ata rodo, ìwọ̀nba tó wà nínú ọ̀rá kékeré kan, dọ́là mẹ́rin. Mo wò ó, ó wò mí, mo ṣáà rà á.

Àtìní, 3 Fébúárì

Lẹ́tà Ìlọrin ti dé. Èdè Lárúbáwá ni Àáfáà fi kọ ọ́, ìkọ̀wé náà rẹwà débi pé mo gbàgbé láti kà á. Mo kàn ń wò ó ni. Bíọ́lá gbé e fún ògbufọ̀ tí ìjọba fọwọ́ sí, ògbufọ̀ náà kò sì fo ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. Bíọ́lá pè mí wá sí ọ́fíìsì, ó tìlẹ̀kùn, ó kà á sí mi létí.

Ohun tó wà níbẹ̀ nìyí, bí mo ṣe rántí rẹ̀: ọmọbìnrin wa aláìlera, tí ìmọ̀ rẹ̀ kéré, ti gbọ́ díẹ̀ nínú ìwọ̀nba tí àwa aláìmọ̀kan lè kọ́ ọ. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì ń wá ọ̀nà. Kí Ọlọ́run foríjì í fún gbogbo ibi tó ti ba ìkọ̀wé jẹ́.

Bíọ́lá ní, “Auntie, what did you do to this man?”

Mo ní, “Kò yé ọ. Bí àwọn oní-gègé ṣe ń kọ̀wé nìyẹn. Wo ìsàlẹ̀, kí ló pe ara rẹ̀?”

Ó wò ó. “The slave drowning in sin.”

“Ìwọ náà rí i. Ohùn tó fi sọ̀rọ̀ nípa ara rẹ̀ ló fi sọ̀rọ̀ nípa mi. Ó ti fi mí jókòó ti ara rẹ̀ lórí ẹní kan náà.”

“So it's a compliment.”

“Kò sí èyí tó jù ú lọ.”

Ó fi ọwọ́ bo ojú. “Auntie mi, I cannot send the American government a letter begging God to forgive your handwriting.”

Mo gbà pé òótọ́ ló sọ. Àmọ́ nínú bọ́ọ̀sì, inú mi ń dùn ṣá. Aláìlera bíi ti Àáfáà Àbdùlgàfár!

Àlàrùbá, 5 Fébúárì

Báwo ni èèyàn ṣe ń sọ fún àgbà pé kó wá yin òun? Mo gbé fóònù, mo gbé e sílẹ̀. Nígbà tó sú mi mo pe baba mi ní Ìwó.

“Ta ló ní kí Àáfáà yìn ọ́?”

“Ìjọba Amẹ́ríkà ni, Bàbá.”

“Àwọn ò ní àgbà nílé ni? A kì í yin ọmọdé lójú ara rẹ̀, ìfàsẹ́yìn ní í kángun sí. Èmi tí mo bí ọ, ṣé mo yìn ọ́ rí?”

Mo ní rárá.

“Ṣé o rí i bí ọwọ́ rẹ ṣe dára tó?” Wọ́n gbọ́ ohun tó jáde lẹ́nu wọn, wọ́n yára wúkọ́. Wọ́n ní àwọn á bá mi bá Àáfáà sọ̀rọ̀.

Jímọ̀, 14 Fébúárì

Yìnyín bo gbogbo ìlú, n kò lè dé Woodbridge lánàá. Lẹ́tà kejì ti dé látorí fóònù. Ó gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Lọ́tẹ̀ yìí Àáfáà ti fi baba mi kún àwọn aláìmọ̀kan, wọ́n sì ṣàdúà gígùn fún ìjọba Amẹ́ríkà kí Ọlọ́run tọ́ wọn sọ́nà. Bíọ́lá tẹ àdúà yẹn jáde, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ló wá fi àpárá sílẹ̀. Ó ní bí kò bá rí ohun gidi fi ránṣẹ́ kí oṣù Máàṣì tó dá sí méjì, ọjọ́ kò ní tó mọ́ kí ìwé mi níbí tó kú. Ó ní, “I believe you, Auntie. I just can't prove you.” Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. N kò lè jẹun alẹ́.

Sọ́ńdè, 16 Fébúárì

Yìnyín tún rọ̀ lé ti tẹ́lẹ̀. Mo pe Rayyan, ọmọ Àǹtí, kó wá bá mi kó o.

“I did it yesterday!”

“Ti àná ti lọ. Gbé ṣọ́bìrì.”

Nígbà tí a ṣe tán, mo fi ìka kọ orúkọ rẹ̀ ní Lárúbáwá sórí yìnyín tó wà lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́tò ìyá rẹ̀. Lẹ́tà ráà rẹ̀ yí dáadáa, àlífù rẹ̀ nà tààrà, núùnù rẹ̀ jókòó bí ìyàwó. Rayyan ya fọ́tò rẹ̀, ó sì dákẹ́ ariwo. Èyí náà á yọ́. Síbẹ̀ inú mi dùn sí i.

Àlàmísì, 20 Fébúárì

Kí n rọra kọ ọ́ kí n má baà fo nǹkan kan.

Awakọ̀ kan gbé tírélà rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù wa kí a tún orúkọ ilé iṣẹ́ rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn. Lẹ́tà kan ti họ, ìyẹn kò sì tó ohun tí a ń tẹ òmíràn fún, mo bá mú búrọ́ọ̀ṣì, mo fi ọwọ́ kùn ún. Ọkùnrin náà dúró sí ẹ̀yìn mi, ó ń wo ọwọ́ mi. N kò fẹ́ràn kí wọ́n máa dúró sí ẹ̀yìn mi.

Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé Yorùbá ni yín?”

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

“Ọmọ ibo lẹ jẹ́?”

“Ìwó.”

“Ìwó ibo?”

“Ilé Àáfáà Àlímì, ọmọ wọn ni mí.”

Ó fò sókè, bọ́ọ̀tù rẹ̀ yọ̀ lórí omi yìnyín, díẹ̀ ló kù kó ṣubú. “Àǹtí Hameedah! Ẹ̀yin tẹ máa ń fi tàdáà ba gbogbo híjáàbù jẹ́! Èmi ni Fàtáì! Fàtáì ọmọ Bàbá Oní-lọ́rì!”

Olúwa mi. Fàtáì tó máa ń sùn lórí wàláà, tí ìkọ̀wé á fi ara mọ́ ọn ní ẹ̀rẹ̀kẹ́! Ó ti sanra, ó ti ní irùngbọ̀n, ó ń gbé Bramalea pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ. Mo béèrè bóyá ó ṣì rántí nǹkan kan nínú ohun tí a kọ́ ọ.

Ó ní, “Ẹ tiẹ̀ gòkè wá ná.”

Mo gun tírélà. Lẹ́yìn ìjókòó awakọ̀, níbi tó máa ń sùn sí bí ọ̀nà bá jìn, wàláà wólíímọ̀ rẹ̀ wà níbẹ̀, ó fi bẹ́líìtì dè é mọ́ ògiri. Wàláà wólíímọ̀ nìkan ni a kì í fọ̀, torí ọmọ ti parí Alùkùrání, tirẹ̀ ni, ó ń gbé e lọ sílé. Mo ti gbàgbé wọn! Mo ń rò nípa èyí tí omi gbé lọ, n kò ronú kan èyí tí àwọn ọmọ gbé lọ.

Táyà ni mo yà yí etí rẹ̀ ká, nítorí baba Fàtáì ń fi lọ́rì kó obì. Iṣẹ́ òbí ọmọ kọ̀ọ̀kan ni mo máa ń yà sí etí wàláà wólíímọ̀ rẹ̀. Sísọ́ọ̀sì fún ọmọ aránṣọ, kòkó fún ọmọ àgbẹ̀. Kò sí ilé kéú mìíràn tó ń ṣe é. Àwọn àáfáà kan bínú nígbà náà pé kí ni táyà ń ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run, baba mi dá wọn lóhùn pé owó táyà ló san owó kéú.

Mo béèrè lọ́wọ́ Fàtáì ibi tó máa ń kó ẹrù lọ.

“Detroit ni mà. Lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀.”

Mo jókòó sórí ibùsùn rẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ mi ti ń lọ Detroit, ó ń bọ̀, kò sí ẹni tó ní kó mú ẹ̀rí wá.

Sátidé, 1 Máàṣì

Ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lónìí. Òtútù ń dín kù, ebi kò pa mí rárá, ó jọ pé ayọ̀ ló yó mi. Fàtáì gbé àwòrán wàláà rẹ̀ sórí WhatsApp àwọn ọmọ ilé kéú wa, pẹ̀lú fọ́tò ọjọ́ wólíímọ̀ rẹ̀, tí èmi náà dúró lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú tàdáà ní gbogbo iwájú híjáàbù. Ó ní kí ẹni tó bá ní tirẹ̀ gbé e síta. Láti ìgbà yẹn fóònù mi kò sinmi. Sísọ́ọ̀sì wá láti Houston. Kòkó wá láti Lọ́ńdọ̀nù. Àyànfẹ́, tí ìyá rẹ̀ ń gún èlùbọ́, fi tirẹ̀ ránṣẹ́ láti Jẹ́dà, ó gbé e kọ́ sí pálọ̀, odó àti ọmọ odó wà ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Wọ́n ń búra níwájú agbẹjọ́rò níbi tí wọ́n wà pé ọwọ́ mi ni.

Bíọ́lá pè mí, kò tiẹ̀ kí mi. “Auntie! You have an international body of work!”

Mo ní, “Ẹ kú ààwẹ̀ o.”

Sátidé, 8 Máàṣì

Ó ku nǹkan kan. Bíọ́lá ní àwòrán ti pọ̀, àmọ́ ẹni ńlá nínú iṣẹ́ yìí gbọ́dọ̀ sọ ọ́ kí àwọn ará Amẹ́ríkà mọ̀ pé kì í ṣe àwọn ọmọ ilé kéú nìkan ló fẹ́ràn mi. A tún padà sọ́dọ̀ Àáfáà.

Nígbà tí a ń ṣínu, Fàtáì àti ìyàwó rẹ̀ wà níbẹ̀, mo gbé ẹjọ́ mi kalẹ̀. Àǹtí Kàfáyàtù ń pín mọ́ínmọ́ín fún wa, kò wo ojú mi.

“Ìwọ lò ń béèrè, ìyẹn ni ò jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀. O fẹ́ kí wọ́n wo ojú ẹ kí wọ́n máa yìn ẹ́? Gbé ara ẹ kúrò níbẹ̀. Jẹ́ kí Fàtáì fi wàláà ẹ̀ hàn wọ́n lórí video call, kó ní kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n rí. Kó má dárúkọ ẹnì kankan.”

Fàtáì ní, “Àǹtí, ṣé ìyẹn kì í ṣe cunny?”

“Cunny wo? Wàláà ni wọ́n ń wò, wàláà ni wọ́n á yìn. Tí wọ́n bá sọ̀rọ̀ tán, kó o sọ ibi tọ́rọ̀ náà ń lọ fún wọn, kó o tọrọ àyè. Tí wọ́n bá ní rárá, ó parí.”

Mo ní kí ni kí èmi máa ṣe nígbà náà. Àǹtí ní kí n lọ fọ abọ́.

Àtàláátà, 11 Máàṣì

Fàtáì ti bá Àáfáà sọ̀rọ̀. Wọ́n sọ̀rọ̀ ju bí a ṣe rò lọ. Wọ́n fún wa láyè kí a fi ránṣẹ́ sí Amẹ́ríkà, wọ́n fẹ́ kí a kọ ọ́ sílẹ̀ kí àwọn fọwọ́ sí i, àmọ́ wọ́n dá májẹ̀mú kan: ẹni tó ni ọwọ́ náà kò gbọ́dọ̀ gbọ́ ohun tí àwọn sọ.

Mo bẹ Fàtáì. Ó ní òun kò lè fi Àáfáà ṣeré. Mo bẹ ìyàwó rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Mo pe Bíọ́lá, ó ní, “Sorry, Auntie, Detroit is the petitioner. Page forty-one is none of your business.” Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó máa hùwà bí ọmọ Yorùbá gidi.

Àtàláátà, 18 Máàṣì

Ìwé ti lọ sí Amẹ́ríkà. Ìwé náà nípọn bí búrẹ́dì. Àwọn ará Detroit sanwó kí èsì lè yá. Mo wẹ̀, mo sùn.

Sọ́ńdè, 30 Máàṣì

Yídì ìtúnu ààwẹ̀. Òjò dídì ń rọ̀, ilẹ̀ ń yọ̀ lẹ́sẹ̀ wa, síbẹ̀ mọ́ṣáláṣí kún dé ibi ìgbọ́kọ̀sí. A kírun níwájú ògiri mi. Ìyá àgbàlagbà kan tí n kò mọ̀ fọwọ́ kan lẹ́tà kan níbẹ̀, ó fi ọwọ́ náà nu ojú ara rẹ̀. Mo rò ó pé bí wọn kò bá tilẹ̀ fún mi, mo ti rí èyí. Lẹ́yìn náà mo jẹ ẹran ju bó ṣe yẹ lọ.

Àlàrùbá, 9 Épírì

Wọ́n gbà! Wọ́n gbà á! Bíọ́lá sunkún lórí fóònù, ó sì sọ odindi gbólóhùn Yorùbá kan: “Ọlọ́run ṣeun, Àǹtí mi.” Ó ku kí n lọ gba físà.

Àtìní, 28 Épírì

Oòrùn yọ lónìí, àwọn èèyàn ti bọ́ kóòtù lójú ọ̀nà University. Mo dúró lórí ìlà ní ọ́fíìsì Amẹ́ríkà tí wọ́n ti ń gba físà.

Ọkùnrin tó wà lẹ́yìn gíláàsì béèrè ohun tí mò ń lọ ṣe. Mo sọ ọ́. Ó ń ṣí ìwé, ó ń ṣí i. Ó dé ojú ìwé kan, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní èyí ni òun fẹ́ràn jù.

Mo mọ ojú ìwé tó jẹ́, ọ̀rọ̀ Àáfáà ni. Mo ní, “Please sir, I am not supposed to hear that one.”

Ó gbé ojú sókè. “Why not?”

Mo ní níbi tí mo ti wá, àgbà kì í yin ọmọ lójú ara rẹ̀. Ó ní ìyẹn dára, àmọ́ òun kì í ṣe àgbà mi. Ló bá kà á. Gẹ̀ẹ́sì ló ń kà, ohùn Àáfáà Àbdùlgàfár ni mò ń gbọ́:

Láti kékeré tí mo ti ń mú gègé, n kò rí ọwọ́ tó dà bí èyí. Ká ní mo bá ẹni tó ni ín pàdé nígbà tí mo wà lọ́mọdé ni, ǹ bá fi gègé tèmi sílẹ̀ kí n máa bá a fọ wàláà.

Iṣẹ́ ọmọ tó kéré jù nílé kéú ni wàláà fífọ̀. Mo fi híjáàbù bo ojú, mo sunkún níwájú gbogbo èèyàn, inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí ojú kò tì mí. Ọkùnrin náà dúró dè mí. Nígbà tí mo sinmi, ó ní wọ́n ti fún mi.

Mo jókòó síta nínú oòrùn, mo pe Ìlọrin.

“Àáfáà, wọ́n ti fún mi ní físà o.”

“Àlùhámúdùlílàì.” Wọ́n ṣàdúà, mo ń ṣe àmín. Mo ń ṣọ́ ohùn mi kí wọ́n má baà mọ̀ pé mo ti gbọ́. Nígbà tí àdúà parí wọ́n ní, “Hameedah.”

“Sà.”

“Bí o bá dé ibẹ̀, rọra o. Àlífù tó wà ní ìlà kejì lórí wàláà táyà yẹn, ó tẹ̀.”

“Màá tún un ṣe, Àáfáà. Ẹ ṣeun sà.”

Mo ṣí àwòrán náà lórí fóònù, mo fà á kó tóbi. Òótọ́ ni. Ó tẹ̀ díẹ̀.